Ọ̀já Inú Ọkọ̀: Ìgbà Wo Ni Ọmọ Lè Kọjú Síwájú?



Ẹni tí ó bá dúró ní Paparanda, nínú ìlú Lọ́kọ́jà wa yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, yóò rí ohun kan tí ojú wa ti mọ́ débi pé kò jọ wá lójú mọ́. Ọkọ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀. Nínú òmíràn, ọmọ kékeré dìde dúró sí àárín ìjókòó méjì tí ó wà níwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀, ó ń wo títì bí ẹni pé òun ni dírẹ́bà kejì. Nínú òmíràn, ìyá jókòó síwájú, ó gbé ọmọ lé itan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń rí ọkọ̀ tí àga ọmọdé wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì wo àga náà dáadáa, nígbà mìíràn a ó rí i pé wọ́n kàn gbé e lé orí ìjókòó ni, wọn kò dè é mọ́ ohunkóhun. Tàbí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ kí ó lè máa rí ìta.

Àwọn òbí tí ó ra àga yìí gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, àti àwọn tí ó ń gbèrò láti rà á. Wọ́n ti náwó, wọ́n sì ti fi ìfẹ́ hàn. Ohun tí ó kù ni kí owó àti ìfẹ́ náà má ṣòfò. Àga ọmọdé kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe ìjókòó lásán. Ọ̀já ni. Bí abiyamọ ti ń fi ọ̀já so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àga yìí ń so ọmọ mọ́ ara ọkọ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí a pọ̀n, tí a kò di ọ̀já rẹ̀ le.

APÁ ÌYÁ KÒ TÓ

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó gbà pé kò sí ibi tí ọmọ lè wà tí ó dára ju àyà òun lọ. Nínú ilé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ń sáré, ìṣirò kò gbè é. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà bí a ti í ṣe é ní kíláàsì. Ọkọ̀ tí ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kọlu nǹkan, tí ó sì dúró láàárín ìdá kan nínú ìdá 10 ìṣẹ́jú àáyá, agbára tí yóò máa ti ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ síwájú yóò tó ìlọ́po 14 ìwọ̀n nǹkan náà. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 12 yóò dàbí ẹrù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 170. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, irú èyí tí àwọn tírélà ń kó jáde láti Ọbàjànà, kílò 50 ni. Ìyẹn ni pé ìyá ní láti di ẹrù tí ó ju àpò sìmẹ́ǹtì 3 lọ mú lójijì, kí ojú tó ṣẹ́. Kò sí abiyamọ tí ó lè ṣe é, bí ó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ tó.

50 kìlómítà yìí, ìrìn àárín ìlú ni. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan ní irú eré bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn jábọ́ láti ibi tí ó ga ní nǹkan bíi mítà 10, èyí tí í ṣe òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí eré náà bá di 100 kìlómítà, bí ó ti máa ń rí ní ojú ọ̀nà Àbújá, agbára tí ọkọ̀ náà ń gbé kiri kì í ṣe ìlọ́po 2. Ìlọ́po 4 ni.

Oríta ni ìlú wa. Àwọn tí ń bọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Bìní tí wọ́n ń lọ sí Àbújá, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá. Àwọn ará wa tí ń lọ sí Kàbà àti Òkéné fún ọdún Iléyá kò yàtọ̀. Tírélà àti ọkọ̀ epo ni a jọ ń lo títì kan náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ epo kan gbiná ní Félélé, ní Lọ́kọ́jà níhìn-ín, ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà nínú wọn. Àga ọmọdé kò lè pa irú iná bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi ìyẹn tan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jàǹbá ọkọ̀ ni kò mú iná dání. Ìkọlura ni, ìgbókìtì ni, bíréèkì àìròtẹ́lẹ̀ ni. Nínú irú wọn ni àga yìí ti ń ya ikú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àga tí ó bá ọjọ́ orí ọmọ mu lè dín ikú ọmọdé nínú jàǹbá ọkọ̀ kù ní ìwọ̀n tí ó tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ kan náà ni ó sọ pé jàǹbá ojú pópó ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí ọdún 29 jù lọ ní gbogbo ayé.

KÍ LÓ DÉ TÍ ỌMỌ ỌWỌ́ FI Ń KỌJÚ SẸ́YÌN?

Ìbéèrè tí a ń bi ara wa ni pé ìgbà wo ni ọmọ lè kọjú síwájú. A kò lè dáhùn rẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ìdí tí ó fi yẹ kí ó kọjú sẹ́yìn.

Orí ọmọ ọwọ́ tóbi ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí a bá bí i, gígùn orí rẹ̀ tó ìdá kan nínú ìdá 4 gbogbo gígùn ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 7 tàbí 8 lọ. Orí ńlá yìí jókòó lé ọrùn tí kò tíì gbó. Àwọn egungun ọrùn ọmọ kékeré kò tíì so pọ̀ tán, apá kan wọn ṣì rọ̀. Bí ọmọ bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ sì dúró lójijì, okùn àga yóò di àyà rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò di orí mú. Orí yóò sá síwájú, ọrùn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Bí ó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga náà ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí a fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹyin.

Ará Swídìn kan, Bertil Aldman, tí í ṣe oníṣègùn, ni ó kọ́kọ́ gbé irú àga bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1964. Bí àwọn awòràwọ̀ òfurufú ṣe máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn nígbà tí ó bá ń gbéra ni ó fún un ní ọgbọ́n náà: ẹ̀yìn ni ara ènìyàn fi ń gba agbára ńlá láìfarapa. Abiyamọ ilẹ̀ wa kò sì ṣàjèjì sí ọgbọ́n yìí. Bí ọrùn ọmọ kò bá tíì le, a kì í pọ̀n ọ́n láìfi aṣọ gbé orí rẹ̀ ró.

Ìgbà wo wáá ni a lè yí i síwájú? Òfin Yúróòpù tuntun lórí àga ọmọdé, èyí tí a ń pè ní R129, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013, sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ tó pé oṣù 15. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2011 pé kí ó tó ọdún 2. Nígbà tí ó di ọdún 2018, wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ìmọ̀ràn wọn, wọ́n ní kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi tóbi ju ìwọ̀n tí àga rẹ̀ lè gbà ní ìkọ̀yìn lọ. Nítorí náà, oṣù 15 ni ààlà tí a kò gbọdọ̀ rékọjá sẹ́yìn; ọdún 2 sàn jù ú lọ; bí àga bá sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kánjú.

Àwọn òbí a máa sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn, ó ń kan ẹ̀yìn ìjókòó. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti yí i. Ọmọ a máa ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bí ó ti ń ṣe lórí ẹní, kò sì ní í lára. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ibi tí orí rẹ̀ dé. Nínú ọ̀pọ̀ àga Amẹ́ríkà, bí àyè tí ó kù láti àtàrí ọmọ dé etí òkè àga kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ mọ́, ó ti dàgbà ju ìkọ̀yìn inú àga yẹn lọ.

BÍ A TI Ń YAN ÀGA TÍ Ó KỌJÚ SÍWÁJÚ

Ìwọ̀n ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì wọn gíga rẹ̀. Àga tí ó wá láti Amẹ́ríkà máa ń fi páùn ṣe ìṣirò: páùn 40 jẹ́ kílò 18, páùn 65 sì jẹ́ nǹkan bíi kílò 29 àti ààbọ̀. Àga Yúróòpù ti ìlànà àtijọ́, R44, máa ń sọ kílò 9 sí kílò 18. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kílò 9 yẹn tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni ó ti wọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àga ti ìlànà tuntun, R129, gíga ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà ni ó ń lò. Bí ẹ bá lè rí èyí tí okùn rẹ̀ lè gba ọmọ tí ó wúwo, yóò bá yín pẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àmì. Lára àga Yúróòpù, ẹ ó rí lẹ́tà E nínú òbìrí kékeré kan pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí i, àti R44 tí ó parí sí 03 tàbí 04, tàbí R129. Lára ti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn tí ó sọ pé ó bá ìlànà ààbò ọkọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wọn mu. Èyí tí kò bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Pàápàá jù lọ, ẹ ṣọ́ra fún àwọn aláṣọ lásán tí kò ní ike líle nínú, tí a kàn ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Wọ́n dín lówó, wọ́n fúyẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ọmọ sílẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ yín pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń lò ni wọ́n ti ṣe fún Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé ọkọ̀ kéékèèké tuntun gbọ́dọ̀ ní irin ìkọ́ méjì méjì fún àga ọmọdé nínú ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ibi tí ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti pàdé, ẹ ó bá irin tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ti ń gun ọkọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Yúróòpù náà ní tirẹ̀, ISOFIX ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní London bá fẹ́ fi àga ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá a lè fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é, nítorí pé àwọn kan wà tí kò ṣeé dè rárá àyàfi nínú ọkọ̀ tí ó ní irin ìkọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ wáá kan àga tòkunbọ̀. A kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á, nítorí owó kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n àga tí ó ti wà nínú jàǹbá ńlá kò yẹ ní lílò mọ́, bí kò tilẹ̀ sán, ẹni tí ń tà á lọ́jà kò sì mọ ìtàn rẹ̀. Àga tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ mọ̀ wá sàn ju ti ọjà lọ. Ẹ yí i dojú dé, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí ó parí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa fún un ní ọdún 6 sí 10. Ẹ wò ó bóyá ike rẹ̀ ti sán, bóyá okùn rẹ̀ ti ya, bóyá ìdè rẹ̀ ń dún bí ó ti ń wọlé. Bí ohun kan bá ti yọ kúrò lára rẹ̀, ẹ má ṣe fi okùn ọjà tàbí wáyà dípò rẹ̀.

BÍ A TI Ń DÈ É MỌ́ ỌKỌ̀

Ẹ ka ìwé ìlànà àga náà àti ti ọkọ̀. Bí ìwé ti sọnù, àwòrán máa ń wà lára ike rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní: ìjókòó ẹ̀yìn ni ipò ọmọ. Àpò afẹ́fẹ́ tí ń bú jáde níwájú, tí àwọn ènìyàn ń pè ní éábáàgì, àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Ó lè pa ọmọ kékeré. Àga tí ó kọ ẹ̀yìn síwájú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Èkejì: ẹ fi bẹ́líìtì gba ihò tí ó tọ́. Àga tí ń yí síwájú àti sẹ́yìn ní ọ̀nà bẹ́líìtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọ̀ búlúù ni ti ìkọ̀yìn, àwọ̀ pupa ni ti ìkọjú síwájú. Bí ẹ bá yí àga padà tí ẹ kò sì yí ọ̀nà bẹ́líìtì padà, bí ẹni tí kò dè é ni.

Ẹ̀kẹta: ẹ fi orúnkún tẹ inú àga náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara yín, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì náà le. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, bí ẹ bá fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde tán pátápátá, tí ẹ wá jẹ́ kí ó máa padà wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti há, kò sì ní tú mọ́. Bí ẹ bá lo irin ìkọ́, ẹ má ṣe tún fi bẹ́líìtì kún un àyàfi bí ìwé ìlànà bá gbà á.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ṣe gbàgbé okùn òkè. Okùn kan wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àga tí ó kọjú síwájú, tí ìkọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ká a sínú, tí wọn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ń di òkè àga mú kí ó má dojú bolẹ̀, òun náà ni ó sì ń dín bí orí ọmọ ṣe ń sá síwájú kù. Nínú ọkọ̀ kékeré, ibi tí a ń kọ́ ọ sí sábà máa ń wà lórí pẹpẹ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, lábẹ́ ìdérí ike kékeré; nínú ọkọ̀ ńlá bíi Sienna, ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ fi ìkọ́ tí a fi ń so ẹrù ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ kan di àga mú ní ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ sì mì í sọ́tùn-ún, sósì àti síwájú. Bí ó bá yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ lọ, ẹ tú u kí ẹ tún un dè. Iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

BÍ A TI Ń DE ỌMỌ MỌ́ ÀGA

Okùn èjìká méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde láti ihò tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú èjìká ọmọ tàbí tí ó ga jù ú lọ díẹ̀, bí ó bá kọjú síwájú. Bí ó bá kọjú sẹ́yìn, déédéé èjìká tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Okùn kò gbọdọ̀ lọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á le, ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti fún un pọ̀ lórí èjìká ọmọ. Bí ìka yín bá rí okùn ká, kò tíì le tó. Bí àga náà bá ní ìdè àyà, déédéé abíyá ni ipò rẹ̀, kì í ṣe orí ikùn. Àwọn àga Yúróòpù púpọ̀ kò ní in, ìyẹn kò sì jẹ́ àléébù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan wa gidigidi ní ọjọ́ ọdún. Agbádá ọmọkùnrin, àti híjáàbù gígùn tàbí aṣọ líle ti ọmọbìnrin, a máa kó jọ sábẹ́ okùn. Ẹ ó rò pé okùn ti le, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni ó fà mọ́, kì í ṣe ọmọ. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, aṣọ á fún pọ̀, okùn á sì di wọ́wọ́. Ẹ bọ́ agbádá náà, ẹ fi bùbá àti ṣòkòtò gbé e sínú àga, kí ẹ wá wọ̀ ọ́ fún un ní yídì. Bákan náà ni súwẹ́tà nínlá ní àsìkò ọyẹ́: okùn lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó lórí.

Oòrùn Lọ́kọ́jà pẹ̀lú kì í ṣe eré. Irin ìdè tí ó ti wà nínú oòrùn lè jó ọmọ lára. Ẹ fi aṣọ funfun bo àga náà bí ẹ bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin náà kí ẹ tó gbé ọmọ lé e. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti pa, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi ra búrẹ́dì.

ÀWỌN ÀTAKÒ TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Ìyá-àgbà lè wò ó kí wọ́n sọ pé, “Kí ló dé tí ẹ ń so ọmọ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́? Ẹ gbé e fún mi.” Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé, “Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀já ni. Ẹ̀yin náà fi ọ̀já gbé wa dàgbà. Ọ̀já inú ọkọ̀ nìyí.” Ìyá tí ó ti tọ́ ọmọ yóò mọ ohun tí ẹ ń wí.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé Ọlọ́hun ni olùṣọ́. Òtítọ́ ni, kò sì sí Mùsùlùmí tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ìtàn ọkùnrin tí ó bi Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Nínú ohun tí Imam Tirmidhi gbà wá, síso ni ó ṣáájú, gbígbára lé Ọlọ́hun sì tẹ̀lé e. Bí a bá ní kí á so ràkúnmí, kí ni a ó wí nípa ọmọ?

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti owó. Ẹni tí kò lè ra àga kò pàdánù ohun gbogbo. Kí ọmọ jókòó sẹ́yìn. Kí ó má dìde dúró. Kí bẹ́líìtì kan má ṣe de ọmọ méjì. Ìyá kò gbọdọ̀ fi bẹ́líìtì kan de ara rẹ̀ àti ọmọ tí ó wà lórí itan rẹ̀, nítorí ìwọ̀n ara ìyá ni yóò fún ọmọ náà pa. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, tí agbára sì wà, ẹ san owó ìjókòó fún ọmọ tí ó ti lè dá jókòó, kí ẹ sì de bẹ́líìtì fún un. Bẹ́líìtì àgbà kò tó fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju asán lọ. Kí ẹ sì ní ẹnu láti sọ fún dírẹ́bà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra, ọmọ wà nínú ọkọ̀.”

ÌGBÀ TÍ ÀGA BÁ KÉRÉ

Ọjọ́ ń bọ̀ tí èjìká ọmọ yóò ga ju ihò òkè pátápátá lọ, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò ju ti àga lọ. Kì í ṣe bẹ́líìtì àgbà ni ó kàn. Àga ìgbénisókè ni, tí yóò gbé e ga kí bẹ́líìtì lè gba orí egungun ìbàdí àti àárín èjìká kọjá, kì í ṣe orí ikùn àti ọrùn. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 ni òfin Ìlú Ọba ti sọ pé kí ọmọ lo àga títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà sọ pé kí ó tó nǹkan bíi 145, àti pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 máa jókòó sí.

OHUN TÍ A LÈ ṢE PAPỌ̀

Àwọn ará wa ní òkè òkun ń ṣe èyí nítorí pé òfin le níbẹ̀. Tennessee ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó fi òfin dè é, ní ọdún 1978, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ wa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988, wọ́n sì ń kìlọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá dá wa dúró ni a ó tó ronú kan ọmọ wa.

Ìmọ̀ràn kan ni mo ní fún àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti ẹgbẹ́ ìyá wa. Nígbà ìsọmọlórúkọ, a máa ń kó abọ́, ike àti ọṣẹ fún ìyá ọmọ títí yàrá yóò fi kún. Ẹ jẹ́ kí a da owó náà pọ̀, kí a fi ra àga kan tí ó lè kọjú sẹ́yìn àti síwájú. Bí ọmọ náà bá dàgbà jù ú lọ, kí ìyá rẹ̀ dá a padà fún ẹgbẹ́, kí a kọ ọjọ́ tí a rà á àti àwọn tí ó ti lò ó sínú ìwé, kí ẹlòmíràn lè yá a títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àga tòkunbọ̀ tí a mọ ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyàwó ilé kan bá sì ti mọ bí a ti ń dè é, kí ó kọ́ ẹlòmíràn ní ọjọ́ ìpàdé, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó wà níta mọ́ṣáláṣí.

Kí ẹ tó gbéra ní ọ̀la, ẹ mi àga náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì máa mú wa dé ilé láyọ̀. Àmín.